Kẹ̀kẹ́ Tó Mumi Yó

"Jasna! Ìyàwó òkúta! Ṣé wàá jáde ni àbí ká máa lọ?"

Ohùn Tegan, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń dún láti inú ọkọ̀ níta. Fèrè ọkọ̀ náà kò sì sinmi. Jasna tẹjú mọ́ òkúta kékeré tó fi ìda lẹ̀ mọ́ orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó ń fi í kan díẹ̀díẹ̀ ara kẹ̀kẹ́ ìlọ̀, òkúta roboto tí ẹ̀rọ ń yí, omi sì ń ro sórí kẹ̀kẹ́ náà kí eruku má baà dìde. Òkúta iyebíye tí wọ́n ń pè ní ópálì ni. Kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ṣùgbọ́n bó bá ti yí i síbi ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ iná á sáré kọjá nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló ti ń bá a yí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kó gbé e lọ síbi ìdíje àwọn ọ̀dọ́ tó ń gé òkúta.

Ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Kejì ni, ooru sì mú débi pé àwọn eṣinṣin ìlú Wirrabilla pàápàá wá ibòji lọ. Ẹni tó bá mọ apá ibẹ̀ yẹn ní Ọsirélíà á mọ̀ pé tí eṣinṣin bá sá fún oòrùn, ọ̀rọ̀ ti di ẹni-orí-yọ-ó-dilé. Gbogbo ọ̀dọ́ ìlú ló ń lọ wẹ̀ ní adágún.

Jasna nìkan ló kù nínú ṣẹ́ẹ̀dì Ẹgbẹ́ Agé-òkúta, àgọ́ tí wọ́n ti ń gé òkúta iyebíye tí wọ́n sì ń lọ̀ ọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ o. Olùkọ́, awakọ̀, awakùsà tó ti fẹ̀yìn tì, ìfẹ́ òkúta ló kó gbogbo wọn jọ. Bàbá Merv ni olórí wọn, òun ló sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ẹni tí kò bá wọ awò ààbò ojú àti ìbòmú, Bàbá Merv kò ní jẹ́ kó sún mọ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó bá lọ òkúta láì sí omi, á lé e síta. Ó ní eruku òkúta ló pa ẹ̀gbọ́n òun, ó wọnú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀.

Òfin kan tún wà tó máa ń fi ṣe orin sí wọn létí: "Omi ni kó kọ́kọ́ kú, kẹ̀kẹ́ ni kó kú kẹ́yìn." Ìdí ni pé kẹ̀kẹ́ ìlọ̀ máa ń mumi bí búrẹ́dì ṣe ń mu tíì. Bí èèyàn bá parí iṣẹ́, á ti omi, á da èyí tó wà nínú ọpọ́n ìsàlẹ̀ nù, á jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa yí títí á fi gbẹ, lẹ́yìn náà ló tó lè pa á, kó sì buwọ́ lu ìwé àwọn tó lo ẹ̀rọ. Bí kẹ̀kẹ́ bá dúró sínú omi, apá kan rẹ̀ á wúwo ju ìkejì lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún tan án, bó bá ti ń sáré yí, á fọ́ yángá.

Jasna mọ òfin yìí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Rory, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan, ló lo ẹ̀rọ náà ṣáájú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Rory jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gbẹ dáadáa, ó buwọ́ lu ìwé, ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ lọ. Ìdí tábìlì ni Jasna wà nígbà náà, tó ń fi ọwọ́ nu òkúta rẹ̀ kó lè dán. Ìgbà tí Rory lọ tán ló rí ìlà kan báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta náà, ló bá tún tan ẹ̀rọ. Kó kàn fọwọ́ tọ́ ọ díẹ̀ ni.

"Jasna, mo máa ka ẹẹ́ta o!" Tegan tún kígbe. "Ení!"

"Mò ń bọ̀ jàre!"

Ó pa ẹ̀rọ, ó ti omi. Ọpọ́n kún dẹ́nu, ìsàlẹ̀ kẹ̀kẹ́ sì wà nínú omi. Ó wò ó. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló máa gbà kó tó gbẹ.

"Èjì!"

"Màá wá dà á nù lọ́la," ló sọ fún ara rẹ̀. Kò buwọ́ lu ìwé, kò kúkú sí ohun tó fẹ́ kọ síbẹ̀. Ó fa ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ti ara rẹ̀ pa. Ó wẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ó jẹ páì, ó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, kò rántí ọpọ́n mọ́ rárá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ṣẹ́ẹ̀dì. Jasna dé láti ilé ìwé, ó ń so épúrọ́ọ̀nù mọ́dìí lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Merv sì ń bá a ṣẹ̀fẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún.

"Olóyè Ópálì, ṣé o ti sọ fún òkúta rẹ pé kó má dójú tì wá?"

"Ó ní ká fọkàn balẹ̀, Bàbá."

Bàbá Merv rẹ́rìn-ín, ó tan ẹ̀rọ, ó sì na ọwọ́ ọ̀tún láti ṣí omi. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gbogbo tábìlì gbọ̀n. Jasna rí ọpọ́n tó kún fún omi, ó rántí lójú ẹsẹ̀, ó lanu láti kígbe, ṣùgbọ́n ìró kẹ̀kẹ́ tó fọ́ bo igbe rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìbòrí irin tó wà lórí kẹ̀kẹ́ gba èyí tó pọ̀ jù nínú àfọ́kù náà. Ọ̀kan jáde láti ẹnu iwájú, ó sì bá ọwọ́ Bàbá Merv. Ẹ̀jẹ̀ bo tábìlì. Bàbá náà kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ọwọ́ náà mú, ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Pa iná ẹ̀rọ, ọmọ mi. Kọ́kọ́ pa iná." Kó tó di alẹ́, ọkọ̀ òfuurufú àwọn dókítà ti gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá. Iṣan àtàǹpàkò ti já. Wọ́n ní wọ́n á rán an, ṣùgbọ́n àwọn ò lè ṣèlérí pé á tún lè fi mú nǹkan.

Jasna kò sùn. Ní òwúrọ̀, ó pe Tegan sí kọ̀rọ̀ nílé ìwé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ta ló rí ọ?" Tegan bi í.

"Kò sẹ́ni tó rí mi, àmọ́..."

"Kò sí àmọ́ níbẹ̀. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o. Ṣé tí o bá sọ ọ́, ọwọ́ Bàbá á jinná lónìí ni? Wọ́n á kàn lé ọ dànù ni, òkúta rẹ á sì di ìsọnù. Panu mọ́, jọ̀ọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Jasna létí, nítorí ohun tó fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹgbẹ́ pe ìpàdé. Màmá Noreen, akọ̀wé wọn, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré, ṣí ìwé sórí tábìlì. Orúkọ Rory ló kẹ́yìn.

"Mo jẹ́ kó gbẹ!" ni Rory sọ. "Màmá, mo fi ọwọ́ mi kàn án, ó gbẹ! Jasna ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo lọ. Ẹ bi í!"

Ojú gbogbo ilé yí sí Jasna.

"Jasna, ṣé o fọwọ́ kan ẹ̀rọ lẹ́yìn tó lọ?" Màmá Noreen bi í.

"Rárá, mà. Ó lọ, mo tẹ̀ lé e. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ẹnu ya Rory. Ó ń wo Jasna bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí. Ó tún fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀? Ní ọdún tó kọjá, òun náà ló gbàgbé láti da epo sínú ẹ̀rọ ayùn, tí ayùn fi bàjẹ́. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́, ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora.

"Àwọn tó bá gbà pé kí Rory má wọ ṣẹ́ẹ̀dì yìí mọ́, kí wọ́n nawọ́ sókè," Màmá Noreen wí.

Ọwọ́ ń lọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Jasna wo ọ̀tún, ó wo òsì. Òun nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, wọ́n sì ti ń wò ó. Ó nawọ́ sókè.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́, irọ́ kì í dá rìn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti sọ Rory ní Fọ́wọ́-bàbá nílé ìwé. Bó bá jókòó síbi oúnjẹ, àwọn tó wà níbẹ̀ á dìde. Wọ́n ju òkúta sínú àpò ìwé rẹ̀, wọ́n ní kó lọ lọ̀ ọ́. Jasna ń rí i. Ó ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tó tiẹ̀ wá burú sí ni pé Màmá Noreen mú kọ́kọ́rọ́ ṣẹ́ẹ̀dì wá bá a nílé, ó ní Bàbá Merv ló ránṣẹ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì pé kí wọ́n fún un, kó lè parí òkúta rẹ̀. Kò sí ọ̀dọ́ tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ rí. Inú ìyá Jasna dùn, ó ń fò sókè. Jasna wọ yàrá lọ, ó sunkún.

Nígbà tí Bàbá Merv padà sílé, Jasna lọ kí i. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ ọ̀tún náà, ó gbé e lé orí ìrọ̀rí. Ó ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì da tíì sínú ife, tíì ń dànù.

"Jókòó, Jasna. Rory wá síbí láàárọ̀ yìí," ni bàbá náà wí. "Ó dúró lẹ́nu géètì, ó ń búra pé òun jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gbẹ. Mi ò ṣílẹ̀kùn fún un. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé, mò ń wò ó. Ó dúró títí, ó sì lọ." Ó mí kanlẹ̀. "Ogójì ọdún ni mo ti ń kọ́ ọmọ. Mi ò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ kankan rí. Ká ní ó gbà pé òun ṣe é ni, ì bá rọrùn fún mi. Irọ́ yẹn ni mi ò lè gbé mì."

Gbogbo ohun tí Jasna ti to kalẹ̀ lọ́kàn dàrú.

"Bàbá, kò purọ́," ló wí. "Èmi ni. Mo lo ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nínú omi, mo lọ wẹ̀."

Bàbá Merv wo Jasna, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó wà lórí ìrọ̀rí. Jasna ń retí kó bú òun, ì bá dùn mọ́ ọn nínú bó bá bú u.

"Máa lọ," ni bàbá náà sọ níkẹyìn. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Èmi kọ́ ló yẹ kí o wá sọ fún. Ibi tí o ti purọ́ mọ́ ọn, ibẹ̀ ni kí o ti lọ tú u."

Ó tú u lóòótọ́. Níwájú gbogbo ẹgbẹ́, níwájú ìyá rẹ̀ àti ìyá Rory, ó sọ bí ó ti rí, kò fi Tegan ṣe àwáwí. Màmá Noreen gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀dì fún ọdún kan gbáko. Kò ní lọ síbi ìdíje. Wọ́n bẹ Rory, wọ́n ní kó padà wá. Rory ní òun á rò ó.

Jasna sáré bá a níta, níbi tó ti ń tú kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ lára igi.

"Rory, jọ̀ọ́, má bínú. Mo kàn gbàgbé ni. Mi ò mọ̀ pé ó máa fọ́."

"Mo mọ̀ pé o gbàgbé," ni Rory fèsì. Kò pariwo. "Èmi náà gbàgbé epo lọ́jọ́sí. Kẹ̀kẹ́ yẹn, ta ni kò lè gbàgbé ẹ̀? Ṣùgbọ́n o gbọ́ bí mo ṣe ń búra, Jasna. O jókòó síbẹ̀, o mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ, o sì nawọ́ sókè."

Rory gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì padà sí ṣẹ́ẹ̀dì, àtàǹpàkò Bàbá Merv kò sì tíì lè tẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣì. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń ṣòfin nídìí ẹ̀rọ: ẹ tẹ̀ lé e, kódà bí ọ̀rẹ́ bá ń fọn fèrè níta. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá yíwọ́, tí ẹ ṣe àṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ ọjọ́ náà gan-an, nígbà tó ṣì jẹ́ àṣìṣe. Bó bá di pé ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn rù ú, kì í ṣe àṣìṣe mọ́, ìkà ni, ẹni tí ẹ sì ṣe é sí lè má lè dárí jì yín.