Oorun Àbẹ̀ní Lọ́jọ́ Àṣekágbá

Orí ilẹ̀ yàrá ìpààrọ̀ aṣọ ni wọ́n ti bá Àbẹ̀ní. Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, aago méjì sì ni àṣekágbá sọ́fítíbọ́ọ̀lù àwọn obìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì gbogbo Ìlú Ọba yóò bẹ̀rẹ̀. Òun ni ajubọ́ọ̀lù wọn. Wọ́n pè é, kò dáhùn. Wọ́n gbá a létí, ó mí kanlẹ̀, ó ń sùn lọ.

Ọlápàdé ni wọ́n sáré pè. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ n'Íbàdàn. Lọ́dún 1994 yìí, kọ́kọ́rọ́ ló ń kó kiri gẹ́gẹ́ bí aṣọ́lé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Àbẹ̀ní ní Chorlton-on-Medlock. Ayé yí, ó yí i síbẹ̀.

Dókítà pápá ní oògùn oorun ni, kò ní pa á, yóò jí tó bá di aago mẹ́rin. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ọlọ́pàá lójú àlejò.

Ohun tó wà ńlẹ̀ ju ife ẹ̀yẹ lọ. Kóòṣì obìnrin kan ti Amẹ́ríkà wá nítorí Àbẹ̀ní nìkan. Bí ọmọ náà bá ju bọ́ọ̀lù dáadáa lónìí, sìkọ́láṣíìpù ọdún mẹ́rin ti dé. Bí kò bá ju bọ́ọ̀lù, obìnrin náà ń wọ bàálù nírọ̀lẹ́, ó di gbéré.

Ọlápàdé wo ọmọ náà kí wọ́n tó gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì yàrá ìtọ́jú. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló fi dùbúlẹ̀, orúnkún kan ká, ẹnu kọjú sílẹ̀, ọwọ́ wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ti tú okùn bàtà rẹ̀. Ẹni tí oorun gbé ṣubú kì í to ara rẹ̀ báyẹn. Ó wo inú agbọ̀n ìdọ̀tí, ó rí ife pépà kan níbẹ̀. Ó gbé e símú. Ògì ni, ògì kíkan pẹ̀lú mílíìkì.

Aago kan ààbọ̀ ni Theresa, ìyá ọmọ náà, wọ yàrá ìtọ́jú nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, ó kówọ́ bojú. Wọ́n ti fi báírò kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọwọ́ òsì rẹ̀, bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe máa ń ṣe bí pépà bá jìnnà sí wọn.

"Méjìlá ààbọ̀ ni mo kúrò ní wọ́ọ̀dù ní Crumpsall," ó ní. "Bọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ já mi sílẹ̀ ní Oxford Road ni. Kí ni wọ́n fi ọmọ mi ṣe?"

Ó jókòó síbi ẹsẹ̀ ọmọ náà. Kò fọwọ́ kàn án.

Patience, ẹni tí yóò rọ́pò Àbẹ̀ní, ti ń sunkún kí ẹnikẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn án.

"Ìwọ lo gbé juice wá fún ẹgbẹ́ yín lónìí?" Ọlápàdé bi í.

"Yes, Uncle, ṣùgbọ́n everybody ló mu níbẹ̀. Me as well. I swear down."

"Ṣé o mọ ògì sè?"

"Ògì? Custard gan-an, mo máa ń burn ẹ. Mummy mi ló ń ṣe everything."

Ó wu Ọlápàdé kó jẹ́ Patience ló ṣe é. Ì bá rọrùn fún gbogbo ayé.

Ó kàn Andrew Ògúndáre, kóòṣì wọn, tí wọ́n bí sí Pendleton.

"Wọ́n ní ìwọ àti Àbẹ̀ní jà ní Thursday. O sì gba ìwé ẹ̀rí first aid."

"A jà, sà. Mo ní kó dúró one more year kó tó lọ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n from twelve o'clock, èmi àti àwọn umpire la jọ ń fa line lórí pápá. Ẹ bi wọ́n."

Ọlápàdé bi wọ́n. Òótọ́ ni.

Patience ló ju bọ́ọ̀lù. Ariwo ẹgbẹ́ kejì ń wọlé láti ojú fèrèsé, wọ́n ń yọ̀ ṣáá. Ọlápàdé jókòó, ó ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó padà sí yàrá ìtọ́jú, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá Àbẹ̀ní, ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín."

Ohun tí báírò kọ síbẹ̀ nìyí: 12.50, 66. 1.05, 64.

"Kí nìyí?"

"Pulse ni. Ti patient kan ní wọ́ọ̀dù."

"Ẹ ní méjìlá ààbọ̀ lẹ kúrò ní wọ́ọ̀dù. Láago kan kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣé inú bọ́ọ̀sì ni patient yín wà?"

Theresa fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ẹnì kan fún ọmọ yìí lógì, ó mu ún láìbéèrè. Ẹni náà yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èébì má baà pa á. Ó tú okùn bàtà rẹ̀. Ó dúró tì í, ó ń ka pulse rẹ̀. Ọ̀tá kì í ṣe báyẹn. Nígbà tí ẹ sì wọlé, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ogún ọdún, ẹ ò tilẹ̀ di ọrùn ọwọ́ ọmọ yín mú. Ẹ ti mọ iye tó wà níbẹ̀."

Theresa jókòó sórí àga. "Mi ò lọ síbi iṣẹ́ rárá lónìí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mo gbà wọlé nígbà tí àwọn yòókù wà lórí pápá. Oògùn tí èmi fi ń sùn ni mo lọ̀ sínú ògì náà."

"Kí ló dé?"

"Akíndèjì, bàbá rẹ̀, lọ kàwé ní Houston ní '83. Ọdún méjì ló ní. Ó ti fẹ́yàwó síbẹ̀, ó ti bí mẹ́ta. Ọmọ kan ṣoṣo yìí ló kù mí kù. Ṣé Amẹ́ríkà ò ní yó ni? Wọ́n ti gbà á láti kọ́ pharmacy ní yunifásítì níbí. Kó dúró tì mí, kí ló burú níbẹ̀?"

Inú bí Ọlápàdé. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà.

"Ṣé game ti parí?"

Àwọn méjèèjì yíjú. Àbẹ̀ní ti lajú sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti ń gbọ́.

"Ó ti parí," Ọlápàdé dáhùn. "Mẹ́sàn-án sí ọ̀kan."

"American lady yẹn ńkọ́?"

"Ó ti lọ sí airport."

Ọmọ náà dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ranlẹ̀. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ láti gbá a mú. Àbẹ̀ní fà sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ wọ̀ọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti kékeré.

"Ẹ ṣé, Nurse," ó ní. "Mi ò ní bá yín relé."

Bí àwọn aláìsàn ṣe ń pe Theresa nìyẹn. Mummy ni Àbẹ̀ní ń pè é láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀," Theresa ń bẹ Ọlápàdé, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀."

Ọlápàdé ṣí ilẹ̀kùn kí ọmọ náà lè kọjá.