Ẹni Tó Ń Tún Bẹ́ẹ̀dì Tẹ́ Lẹ́yìn Mi

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kó fi í sílẹ̀ síbi tó ti bá a. Ojú mi ló rí i, etí mi ló gbọ́ ọ. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà lójú ọ̀run, mi ò sì sùn.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ilé ni mò ń ṣe. Yàrá kan àti páálọ̀ kan ni ilé náà, ní àjà kẹta. Àwọn àlejò tó wá gbafẹ́ ló ń gbà á fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀dì ńlá wà nínú yàrá, bẹ́ẹ̀dì kékeré kan wà ní páálọ̀ fún ẹni tó bá mú ọmọ wá. Aago mọ́kànlá ni àlejò ń jáde, aago mẹ́ta ni òmíràn ń wọlé. Láàárín aago méjèèjì yẹn, èmi nìkan ni mo ni ibẹ̀. Mo máa ṣí fèrèsé, mo máa fọ bàlùwẹ̀, mo máa yọ irun ẹni ẹlẹ́ni kúrò nínú ihò omi, mo máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà, mo máa fi ẹ̀yìn rìn, mo máa nu ilẹ̀ láti yàrá títí dé ẹnu ọ̀nà, kí ipa ẹsẹ̀ mi má bàa hàn. Ṣùgbọ́n kí n tó nu ilẹ̀ rárá, mo gbọ́dọ̀ ya fọ́tò yàrá ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ilé.

Bó-ti-yẹ là ń pe obìnrin náà lẹ́yìn, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé aṣọ ìnura wà bó ti yẹ? Ṣé kọ́tìnnì rí bó ti yẹ?" Mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ni àgbà. "Ẹ" ni mo ń fún un.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí láìsí wàhálà. Ìgbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ dàrú. Mo ní kí àbúrò mi obìnrin bá mi ṣe é. Èmi ni mo fà á débẹ̀ o, ẹ má bi mí. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Tí àlejò bá lọ tán, ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lórí fóònù nípa ilé. Láti ọdún mẹ́ta, ohun tí wọ́n ń kọ nípa iṣẹ́ mi ni "Ilé náà mọ́." Ó parí. Àbúrò mi ò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì náà pé níbẹ̀ tí ẹnì kan fi kọ ọ́ pé: "A ò sùn sórí irú bẹ́ẹ̀dì yìí rí. Àfi bí ẹni pé ìyá wa ló tẹ́ ẹ." Bó-ti-yẹ pè mí, ó kà á sí mi létí.

"Ẹ rí i, Màmá," ó ní, "ẹ jẹ́ kí àbúrò yín kọ́ yín."

Kọ́ mi! Ọmọ tí mo pọ̀n dàgbà! Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màdáàmù." Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo jowú. Mo jowú débi pé ibà fúnra rẹ̀ sá fún mi, mo dìde lọ́jọ́ kejì.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ìyá wa, Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi darúgbó. Àwọn ló kọ́ àwa méjèèjì bí a ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí a ká etí aṣọ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan. Kí ẹnu àpò ìrọ̀rí kọjú sí fèrèsé, kó má kọjú sí ilẹ̀kùn láé. Tí àbúrò mi bá tẹ́ tirẹ̀ tán, wọ́n á wò ó, wọ́n á kọjá lọ. Tí mo bá tẹ́ tèmi tán, wọ́n á mí kanlẹ̀. "Hẹ̀n-ẹ̀n." Wọ́n á sì tún un tẹ́. Wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ na aṣọ náà, ṣàà, ṣàà. Wọ́n á gbá ìrọ̀rí lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò ní bá mi wí, wọn ò ní sọ nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ni, títí mo fi lọ sílé ọkọ. Ọjọ́ tí mo délé ọkọ ni mo ti búra pé ẹnu ìrọ̀rí tèmi, ilẹ̀kùn ló máa kọjú sí. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń ṣe é títí di àkókò tí mò ń sọ yìí.

Mo gba kọ́kọ́rọ́ mi padà. Mo ṣiṣẹ́ bí ẹrú. Nígbà tó tó ọ̀sẹ̀ kan lé díẹ̀, Bó-ti-yẹ tún pè.

"Màmá, wọ́n tún yin bẹ́ẹ̀dì o. Ṣé àbúrò yín ṣì ń wá ni?"

"Rárá, Màdáàmù. Èmi ni."

"Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ kọ́ ni fọ́tò tí àlejò yà."

Ó fi méjèèjì ránṣẹ́. Nínú tèmi, ẹnu ìrọ̀rí kọjú sí ilẹ̀kùn. Nínú ti àlejò, èyí tó yà bó ṣe ń wọlé, tí kò tíì gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀, ẹnu ìrọ̀rí kọjú sí fèrèsé. Wọ́n sì ti ká etí aṣọ, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan.

"Tó bá jẹ́ pé àbúrò yín ló ń ṣe é," Bó-ti-yẹ ní, "ẹ kúkú kó kọ́kọ́rọ́ fún un lọ́jọ́ Ẹtì."

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi ń jẹun, mi ò ní òmíràn. Ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà mí nígbà yẹn, inú ló ń bí mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ bẹ́ẹ̀dì yẹn tẹ́, kọ́kọ́rọ́ sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní lọ́kàn mi pé ó ti ní kí wọ́n gé irú rẹ̀ fún òun. Ó ń yọ́ wọlé lẹ́yìn mi. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà. Òótọ́ ni o, èmi ni mo ni àkísà: méje ló wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mi.

Mo gba ilé rẹ̀ lọ láìsọ fún un. Mo ti to èébú sẹ́nu. Mo ṣílẹ̀kùn, mo bá a lórí àga, wọ́n ti fi báńdéèjì líle funfun dì í lẹ́sẹ̀ láti orúnkún dé ọmọ ìka.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ta ló sọ fún yín?"

"Sọ kí ni?"

"Pé mo ṣubú. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn, mi ò fẹ́ dà yín láàmú."

Mo gbé èébú mì. Mo na fóònù sí i. Ó wo fọ́tò kìíní, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin àti agídí yín." Ó wo èkejì. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ta ló tẹ́ èyí?"

"Ohun tí mo wá bi ọ́ nìyẹn."

"Ẹsẹ̀ wo ni mo fẹ́ fi gun àtẹ̀gùn?"

Mo fa àga kan, mo jókòó tì í.

"Nígbà tí o wà níbẹ̀," mo ní, "ṣé ẹnikẹ́ni tún tìẹ tẹ́?"

Ó mi orí. "Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ni wọ́n ń bá a." Ó tún wo fọ́tò náà, ó pẹ́. "Ẹ mú mi débẹ̀."

Ọjọ́bọ̀ la lọ. Ó fi ìdí wọ́ gun àtẹ̀gùn, lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń gbé ẹsẹ̀ líle náà tẹ̀ lé e bí ẹni gbé ẹrù ìyàwó. Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yàrá bí mo ṣe máa ń tẹ́ ẹ. Àbúrò mi tẹ́ ti páálọ̀, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é wúruwùru. Aṣọ rún, etí rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ẹnu ìrọ̀rí kọjú sí ilẹ̀kùn. Mo ya fọ́tò méjèèjì. Ó fi ìdí wọ́ jáde, mo nu ilẹ̀ tẹ̀ lé e. Mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi í sí àyà mi. A jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Kẹ́kẹ́ pa. Gbogbo ilé ti lọ síbi iṣẹ́.

Ṣàà.

Àbúrò mi di apá mi mú.

Ṣàà. Ó dákẹ́. Ìró ọwọ́ lórí aṣọ ni. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀, mi ò gbọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbá ìrọ̀rí. Pó. Pó.

Ẹnì kan wá mí kanlẹ̀ nínú ilé.

"Hẹ̀n-ẹ̀n."

Mi ò mọ bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn. Ilẹ̀ ṣì tutù, ó ń dán, kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá. Ẹnu ìrọ̀rí mi ti kọjú sí fèrèsé. Mo fọwọ́ kan aṣọ náà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ibi tí wọ́n ká. Ó fi ìka kan ju ọwọ́ mi lọ.

Bẹ́ẹ̀dì kékeré wà ní páálọ̀ bí a ṣe fi í sílẹ̀, wúruwùru.

Mo gbọ́ ẹkún lẹ́yìn mi. Mo ní kó má bẹ̀rù.

"Ẹ̀rù kọ́," àbúrò mi ní. "Tèmi burú ju tiyín lọ. Wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ẹ̀yin ni wọ́n ṣì ń wá bá, ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ò wá sọ́dọ̀ mi rí."

Àṣé òun náà ń jowú! Láti kékeré!

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo sọ fún Bó-ti-yẹ pé èmi ni mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pé fọ́tò ni mo máa ń tètè yà jù. Ó ní tó bá ti wà bó ti yẹ, kò kan òun. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń yí ẹnu ìrọ̀rí sí ilẹ̀kùn, tí mo ń jókòó sórí àtẹ̀gùn kí n tó lọ sílé. Ìyá wa ò já mi kulẹ̀ rí. Mi ò sọ fún àbúrò mi pé mo ń jókòó.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n wo tèmi, kí wọ́n kọjá lọ, lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ká etí aṣọ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́. Mo yí ẹnu ìrọ̀rí sí fèrèsé. Mo tilẹ̀kùn, mo jókòó. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo jókòó títí aago mẹ́ta fi lù tí àlejò dé, tí wọ́n ní kí n yà fún àwọn lórí àtẹ̀gùn.

Nírọ̀lẹ́, àbúrò mi pè. Ó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn báyìí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ wá sílé mi lónìí?"

"Rárá."

"Láti oṣù méjì ni mo ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi wúruwùru." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ẹnì kan ti tún un tẹ́."

Mo ní inú mi dùn fún un. Mo pa fóònù. Lọ́jọ́ kejì, mo yí ẹnu ìrọ̀rí padà sí ilẹ̀kùn, mo sì ń yí i bẹ́ẹ̀ títí di òní. Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ni àlejò ń bá a.