Kọ́nà Kẹta Pápá Abàọ̀tún

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ̀ ìsáré Bàbá Goróyè ta kúrò lójú ọ̀nà ní kọ́nà kẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ orí àga ni bàbá jókòó sí látìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́. Àga àfijọ ni wọ́n ń pè é. Èèyàn á dé ìbòjú, á di ìtọ́kọ̀ mú, gbogbo ara á sì gbà pé inú ọkọ̀ gidi lòun wà. Á gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì, òórùn epo á máa ta sí i nímú.

"Èyí kọ́ ni Pápá Abàọ̀tún," ni bàbá wí, ó sì ṣí ìbòjú kúrò lójú. "Fọ́tò ilẹ̀ lásán lẹ yà."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ọ̀mọ̀wé Ìbídùnní, ẹni tó ṣe eré àfijọ náà. Ọdún 2131 la wà, a ti kúrò láyé à ń fi téèpù wọnlẹ̀. Atúlẹ̀wò rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò, tí kò ju ọsàn lọ, ti wọn pápá ìsáré ọkọ̀ náà látòkè délẹ̀, kòtò kan ò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ti pápá ọ̀hún pa, wọ́n sì ti fẹ́ to pátákó tó ń sọ oòrùn di iná mànàmáná sórí rẹ̀. Eré yìí nìkan ni yóò kù tí ìlú Abàọ̀tún á fi rántí rẹ̀. Ìlú sì ti bá a ṣàdéhùn pé bí Bàbá Goróyè, tó gba ife-ẹ̀yẹ fún ọdún mẹ́tàdínlógún léraléra, kò bá fọwọ́ sí i, eré náà kò gbọdọ̀ jáde lọ́la.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ilẹ̀ kì í purọ́ fún ẹ̀rọ mi. Bóyá ọjọ́ ló ti lọ lórí yín."

"Ọjọ́ kẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí, kọ́nà yẹn gan-an ni mo ti máa ń já wọn sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òde ni mo ń gbà, mi ò sì ní dẹ eré. Àwọn yòókù á máa yọ̀, èmi á kọjá. Ọwọ́ mi ni. Ẹnì kan ò kọ́ mi."

Inú ń bí Ìbídùnní, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀ kóun má mọ ìdí rẹ̀. Ó tún rán atúlẹ̀wò lọ, kó lọ tọ́ ilẹ̀ náà wò bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ẹ̀ẹ̀mejì ló kà á.

"Bàbá, ṣé wọ́n máa ń da nǹkan sí kọ́nà yẹn ni? Ilẹ̀ ibẹ̀ dì, kò lè jẹ́ kí táyà yọ̀. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ni, ìpele lórí ìpele. Kò fẹ̀ ju ọkọ̀ kan lọ, ẹ̀gbẹ́ òde nìkan ló sì wà."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Sítáàṣì? Ṣé aṣọ ni?" Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín dá dúró lẹ́nu rẹ̀.

Gàrí ni Àṣàkẹ́, ìyàwó rẹ̀ tó di olóògbé ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ń ṣe nígbà ayé rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ eré, á ru omi ẹ̀gẹ́ wá sí pápá, garawa lórí garawa. Ó ní òun ń fi pa eruku ni, kó má baà bo àwọn òǹwòran. Omi ọ̀hún sì ń rùn. Bàbá sọ fún un lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kó máa dúró lọ́ọ̀ọ́kán, nídìí ọgbà, kó má wá kí òun níbi tí wọ́n ti ń ya òun ní fọ́tò. Àṣàkẹ́ ò wá kí i mọ́, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ omi rírù dúró.

"Ó ní eruku lòun ń pa." Ohùn bàbá ti yí padà. "Ọdún mẹ́tàdínlógún. Kò sọ fún mi lọ́jọ́ kan."

Ìbídùnní rọra sọ̀rọ̀. "Mo lè fi sítáàṣì náà sí gbogbo ojú ọ̀nà, kó bá gbogbo awakọ̀ dọ́gba. Tí mo bá fi sí ibi tó wà gan-an, gbogbo ayé á mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ yín nìkan."

"Fi sí ibi tó dà á sí. Kí o sì kọ orúkọ rẹ̀ ṣáájú tèmi." Bàbá nu ojú. "Ó ku ohun kan. Àga yìí ń gbé òórùn epo jáde. Ṣé ó lè gbé ti ẹ̀gẹ́?"

"Ó lè gbé e, Bàbá. Àmọ́ ó máa rùn."

"Mo mọ̀ bó ṣe ń rùn."

Ló bá fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ àtijọ́ mẹ́fà jókòó sórí àga àfijọ níwájú gbogbo ìlú. Bàbá Goróyè gba iwájú, ó kọjá kọ́nà kìíní, ó kọjá ìkejì, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ òde ní ìkẹta, ilẹ̀ sì di táyà mú gírígírí bíi tàtijọ́. Inú Ìbídùnní dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni òórùn ẹ̀gẹ́ dé.

Bàbá tẹ búréèkì. Àwọn márùn-ún yòókù kọjá lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Ládẹ̀jọ tí kò nà án rí láyé ló ṣíwájú wọn. Bàbá ò wò wọ́n. Ó ń yí orí kiri, ó ń wá ìdí ọgbà, lọ́ọ̀ọ́kán lọ́hùn-ún, níbi tó ní kí Àṣàkẹ́ máa dúró sí. Ọgbà náà wà níbẹ̀, ó pé pérépéré. Ìbídùnní ò fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀.