Ihò Kan Tó Lé Òtútù Jáde

Ẹ̀yin ará àdúgbò wa, ẹ kú òtútù o. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó jẹ́ ká kórè ọ̀dùnkún tán kí ilẹ̀ tó dì. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé Verna àti ọkọ rẹ̀, Norris, ní ìpínlẹ̀ Maine wa níhìn-ín.

Ilé wọn ti gbó. Bí a ti ń ṣe, Norris ti fi ẹ̀ka igi yí ìdí ilé ká kí yìnyín tó dé, kí afẹ́fẹ́ tútù má bàa gba abẹ́ ilé wọlé. Síbẹ̀, bí sítóòfù tó ń mú ilé gbóná, tó ń jẹ kóró igi tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú pákó tẹ̀, bá ti ń jó, bẹ́ẹ̀ ni òtútù ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ọ̀rọ̀ náà dun Verna wọra, torí Rhoda ọmọ wọn ti sọ ọ́ lórí fóònù:

"Ìyá mi, mi ò lè gbé ọmọ tó ń rákò wá ṣe Kérésìmesì lórí ilẹ̀ tútù yẹn."

Ọmọ-ọmọ wọn àkọ́kọ́ nìyẹn o!

Verna bá ránṣẹ́ sí Jolene, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó wà lára àwọn panápaná abúlé. Jolene yọjú wo ẹ̀yìn sítóòfù.

"Bàbá, páìpù tó ń fa atẹ́gùn ìta fún un dà?"

"Ó wà nínú páálí rẹ̀ ní àká." Norris rẹ́rìn-ín. "Ilé tó ń jò bí asẹ́! Atẹ́gùn wo ló kù níta tí kò tíì wọlé? Láti ìgbà ìkórè ni mo ti ń dí ihò, o wá ní kí n lu òmíràn?"

"Baba Rhoda, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ná," ni Verna wí.

Sítóòfù ò tíì jó láàárọ̀ náà. Jolene tan àbẹ́là, ó gbé e sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Iná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán. Ó wá tan sítóòfù. Nígbà tó jó dáadáa, iná àbẹ́là tẹrí ba sínú ilé bí ẹni tó ń gbàdúrà.

Norris bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Háà!"

"Ṣé ẹ rí i?" ni Jolene wí. "Atẹ́gùn tí ẹ ti mú gbóná ni sítóòfù ń fà, òun náà ló sì ń tú dà síta. Bí ìyẹn ṣe ń jáde ni òtútù ń wọlé rọ́pò rẹ̀. Ojú ọ̀run lẹ ń dáná fún."

"Ẹ ò rí nǹkan!" Verna bú sẹ́rìn-ín. "Àwọn áńgẹ́lì ń yáná, ẹsẹ̀ èmi ń gan!"

"Àǹtí, ó tún kù. Bí ẹ bá tan fáànù ilé ìdáná tó ń fa afẹ́fẹ́ síta, òun àti sítóòfù á máa du atẹ́gùn. Èéfín lè padà sínú ilé. Èyí tó ń pani nínú rẹ̀ kì í rùn."

Norris ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ tó ń rákò ló sọ sí i lọ́kàn. Ó dìde, ó lọ gbé páálí náà wá.

Ẹni tó mọṣẹ́ bá wọn lu ihò sí ògiri, ó sì ti páìpù náà gba inú rẹ̀ jáde síta. Kò pẹ́ tó lọ ni Norris tún gbé ẹ̀ka igi, ó fẹ́ fi bo ẹnu páìpù náà níta, bí ó ti ń bo ìdí ilé lọ́dọọdún. Verna figbe ta lójú fèrèsé:

"Baba Rhoda! Imú sítóòfù lẹ fẹ́ dí yẹn!"

Nígbà tí Rhoda dé lọ́jọ́ Kérésìmesì, òtútù abẹ́ ilẹ̀kùn ti dín kù; ọmọ náà rákò dé abẹ́ tábìlì, ó fa ìbọ̀sẹ̀ Verna bọ́. Norris ní tirẹ̀ ń mú gbogbo àlejò lọ wo ihò rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ máa dí ihò ilé yín lọ, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé torí ilé yín ń jò, sítóòfù ò nílò atẹ́gùn ìta. Páìpù onírin ni kẹ́ ẹ lò, bí ìwé sítóòfù ṣe wí, kí ẹnu rẹ̀ má sún mọ́ ibi tí èéfín ń gbà jáde. Ẹ máa gbá yìnyín kúrò níbẹ̀. Ẹ sì gbé aago tó ń kígbe bí èéfín olóró bá dé kọ́ sítòsí yàrá yín.

Iná ilé yín kò ní kú, kò sì ní jó yín. Ọmọ yóò rákò lórí ilẹ̀ yín láìgbọ̀n. Àmín.