Ìkòkò Tí Iná Kò Tíì Kàn

Ọjọ́ tí Ṣọlápé kọ́kọ́ rí Japheth, amọ̀ kún ọwọ́ ọkùnrin náà dé ìgùnpá. Margaret, ìyá arúgbó òyìnbó tí Ṣọlápé ń tọ́jú, ló ní kó ti òun lórí kẹ̀kẹ́ arọ lọ sí kíláàsì ìkòkò mímọ lẹ́bàá adágún Southmere ní London. Ṣọlápé fẹ́ jókòó sí kọ̀rọ̀ kó máa tẹ fóònù.

"Auntie carer, come now. Ìwọ náà fọwọ́ kàn án," ni Japheth, tó ń kọ́ wọn, wí.

"Ta ni Auntie ẹ?" Ó dìbọ́n bí ẹni bínú, ṣùgbọ́n ó dìde.

London ni wọ́n bí Japheth sí, àmọ́ ó ti lo ọdún méjì ní ìlú kékeré kan ní aṣálẹ̀ New Mexico, lọ́dọ̀ ìyá àgbà amọ̀kòkò kan tó ń jẹ́ Leah. Ó ní òjò wọ́n níbẹ̀ débi pé òjò gan-an ni wọ́n ń yà sára ìkòkò. Òkúta ni wọ́n fi ń ra á títí táá fi máa dán, kí wọ́n tó sun ún. Bó bá sì fọ́, wọ́n á lọ àpáàdì rẹ̀ mọ́ amọ̀ tuntun. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, Ṣọlápé ti fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ̀rù ń bà á. Ìyá rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù.

"Ìyá mi ń mọ ìkòkò, ìyá ìyá mi náà ń mọ ọ́n," ni Mummy wí nígbà tó gbọ́ iṣẹ́ Japheth. "N ò rí ọkùnrin níbẹ̀ rí."

Japheth wá mọ ìkòkò omi kan tí yóò fi wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Mummy. Òrùlé gbọ̀ngàn tó ti ń mọ ìkòkò ń jò, ló bá gbé e fún Ṣọlápé kó máa gbẹ nílé òun àti Mummy ní àdúgbò Moorings.

"Mi ò tíì sun ún o. Ìfẹ́ mi, please, má jẹ́ kí omi kàn án."

Ṣọlápé gbé e pamọ́ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Kò sọ fún ìyá rẹ̀.

Nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án Sátidé, Mummy wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú aṣọ àdúrà funfun, ẹrẹ̀ pupa sì tẹ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Mo rí i níbi tí mo ti ń gbálẹ̀. Ó ń dán, mo ṣe bí wọ́n ti sun ún. Mo ní kí n bu omi àdúrà sí i, kí n fi gbàdúrà fún yín." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mi ò tíì ka Sáàmù kẹta tán tó fi wó. Àmì ni, Ṣọlápé."

Nítorí àlá kan ṣoṣo ni Mummy ṣe lé Kenneth, ọ̀rẹ́kùnrin Ṣọlápé àtijọ́, lọ lọ́dún méjì sẹ́yìn, àmì sì ju àlá lọ. Ṣọlápé ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, nígbà tó ń fi ìkòkò pamọ́ bí ohun tí wọ́n jí. Ó pe Japheth.

Japheth gbé garawa wọ bọ́ọ̀sì wá. Inú ẹrẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ sí.

"Mummy, kò tíì bàjẹ́. Amọ̀ tí iná ò tíì kàn, a lè tún un mọ. Àdúrà yín ti wọ inú ẹ̀. Mi ò lè yọ ọ́ mọ́."

Japheth bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrẹ̀ sínú garawa, ó ń pò ó. Ṣọlápé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n.

"Ó ti rọ̀ jù," ni Mummy wí níkẹyìn. Ó ká apá aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó ti ọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àpáàdì lílọ̀ ni ìyá mi máa ń pò mọ́ irú èyí."

"Mama Leah náà, Mummy. Ní aṣálẹ̀."

Ọwọ́ Mummy dúró nínú amọ̀. "Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó," ó ní, kò parí òwe náà. Ó tún tẹ amọ̀ síwájú.

"Àwọn òbí rẹ mọ ilé wa?"

"Rárá, Mummy."

"Kí wọ́n wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì á ti gbẹ."