Ẹ̀rọ Ìránṣọ Tí Ọ̀rẹ́olúwa Pọ̀n Wá sí Fìdítì

Ẹ̀yìn ni Ọ̀rẹ́olúwa pọn ẹ̀rọ ìránṣọ náà sí bí ọmọ tuntun nígbà tó bọ́ lórí ọ̀kadà tó gbé e wá láti Ìlọra. Nathaniel, ọmọ ọmọ mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Fìdítì, wò ó títí irin gbígbóná tó fi ń lẹ wáyà fi jó o lọ́wọ́. Èmi tí mo jókòó ti fáànù ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ rẹ́rìn-ín débi pé àga ń ké lábẹ́ ìdí ńlá mi.

“Ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà màmá mi tó dolóògbé ni,” ọmọge náà wí. “Gbogbo ọnà ọrùn aṣọ tí wọ́n yà wà nínú ẹ̀, kọ̀ǹpútà mìíràn ò sì lè kà á. Ẹ̀rọ ọ̀hún ti ń kú lọ.”

“Ọ̀nà méjì ló wà,” Nathaniel fèsì. “Mo lè kó sọfitíwia tèmi sí i, á máa rán ọnà tuntun lọ́la, àmọ́ ti màmá yín ò ní yé e mọ́. Tàbí kí n kọ́ bí wọ́n ṣe kọ tiwọn. Ìyẹn á gba sùúrù.”

“Ẹ bá mi kọ́ ọ.”

Ojoojúmọ́ ló ń wá. Á fi ẹ̀rọ náà rán ẹyọ kan péré, kí abẹ́rẹ́ gún aṣọ lẹ́ẹ̀kan, Nathaniel á wo nọ́ńbà tó yí padà nínú fáìlì. Á rán méjì, wọ́n á tún wò ó.

“Ẹyọ kan péré? Ó jọ pé ẹ ò fẹ́ kí n tètè máa lọ sílé,” Ọ̀rẹ́olúwa wí.

“Ta ló sọ pé mo fẹ́?”

Ẹnu mi ló bà á jẹ́. Nathaniel jáde lọ ra wáyà lọ́jọ́ kan, Ọ̀rẹ́olúwa bi mí pé ibo ni iṣẹ́ dé. Mo ti ń gbọ́ tí Nathaniel ń pe bí wọ́n ṣe kọ fáìlì ní fọ́máàtì, ni mo bá ń yangàn: “Fọ́máàtì nìkan ló kù tó máa ṣe.” Bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa, fóònù tí wọ́n bá ti fọ́máàtì, wọ́n ti pa gbogbo ohun inú ẹ̀ rẹ́ nìyẹn. Ó pọn ẹ̀rọ ẹ̀, ó sunkún lọ, kò gbé ìpè Nathaniel mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Nathaniel ò jẹun dáadáa. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìlọra. Òun náà gbé kọ̀ǹpútà tẹ̀lé mi.

“Ọmọ mi, àgbà tó fẹ́ ṣe ọ̀gá níbi tí kò ti mọ̀wé ló kó bá yín,” mo wí, mo sì tú ọ̀rọ̀ fọ́máàtì fún un pé kì í ṣe pípa rẹ́.

Nathaniel ṣí kọ̀ǹpútà. Ọnà kan tó ti kà látinú ẹ̀rọ náà yọ, ewé lórí ewé, èyí tó gbẹ̀yìn kọjú sósì.

Ọ̀rẹ́olúwa fọwọ́ bo ẹnu. “Màmá mi nìyẹn. Ewé ìkẹyìn ni wọ́n máa ń yí, kí wọ́n lè dá tiwọn mọ̀.”

“Ọ̀rẹ́ mi,” Nathaniel wí jẹ́jẹ́, “ṣé wàá fẹ́ mi?”

“Ó ku ọgọ́jọ ọnà tí a máa rán wò,” ó fèsì, kò wojú ẹ̀. “Ìlọra sí Fìdítì lójoojúmọ́ ti sú mi. Jẹ́ ká máa rán an nílé kan náà.”