Àmì Tí Iyọ̀ Kọ

Nígbà yẹn, Baba Yasaku ṣì wà láyé, Heisaku tí wọ́n jọ jẹ́ ìbejì náà ṣì wà láyé. Yìnyín bo gbogbo òrùlé abúlé wa ní Akita nílẹ̀ Japan lọ́jọ́ tí Sohei, dókítà ọ̀dọ́, wọlé wá gba ẹ̀jẹ̀ baba fún ìwádìí. Fumika, ọmọbìnrin baba, ló kọ́kọ́ rí. Ó ti ọwọ́ bọ inú àgbá iyọ̀ dé ìgúnpá, ó ń to dáíkónì, gbòǹgbò funfun kan tí wọ́n fi èéfín gbẹ. Sohei gbàgbé ohun tó bá wá.

Iṣan ọpọlọ baba ti ń dí, ó ti gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọkọ ọmọ mi, o mà pẹ́ kí o tó dé!"

Ojú ti Fumika. "Ẹ má bínú, Dókítà. Lánàá, ẹni tó ń pín lẹ́tà ló pè ní ọkọ mi."

"Ṣé ẹ fún un lọ́bẹ̀?"

"Rárá o."

"Ẹ fún èmi, kí n lè fi jù ú lọ."

Ni Sohei bá sọ ibẹ̀ dilé. Nígbà tí yìnyín yọ́, ó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Fumika kọ̀.

"Bàbá bàbá mi gbàgbé ara rẹ̀ kó tó kú. Bàbá mi nìyí. Ẹ̀jẹ̀ wa ni. Mi ò fẹ́ kí o máa sọ orúkọ rẹ fún mi láràárọ̀ tá a bá dàgbà."

 Sohei lọ mú Heisaku wá láti erékùṣù tó ti ń gbé láti ọmọ ogún ọdún. Ojú kan náà, etí kan náà, ṣùgbọ́n Heisaku ń dárúkọ gbogbo ẹṣin tí bàbá wọn ní!

"Mo yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì wò," ni Sohei wí. "Ohun tí a bí mọ́ wọn, ọ̀kan náà ni. Àmì tí ìgbésí-ayé kọ sí i lára ló yàtọ̀: iyọ̀, sìgá, ẹ̀jẹ̀ ríru. Àmì yẹn ló ń sọ fún ara pé, ṣí ibí, ti ọ̀hún."

"Ṣé ó ṣeé pa rẹ́?"

"Òmíràn ń parẹ́ tá a bá jáwọ́. Oògùn tí yóò pa ìyókù rẹ́, a ṣì ń wá a. Ti bàbá ti jìnnà, Fumi mi. Tìrẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ."

Ẹnu ya Fumika. Àṣé ọbẹ̀ àárọ̀ lè kọ̀wé sínú ènìyàn! Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún.

"Èmi ni mò ń fi iyọ̀ kún ọbẹ̀ bàbá tó bá ti ní kò dùn. Mo pè é ní ìfẹ́."

"Ìfẹ́ ni. Dín iyọ̀ kù nísinsìnyí."

Fumika bu iyọ̀, ó da ìdajì padà, ó gbé àwo síwájú Sohei.

"Ọkọ mi, wá jẹun. Iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ o."

Ìgbà ìkórè ìrẹsì ni wọ́n ṣègbéyàwó. Ní ọdún kẹta, láàárọ̀ ọjọ́ tí yìnyín kọ́kọ́ bọ́, baba mu ọbẹ̀ rẹ̀ tán, ó gbójú sókè wo Sohei lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọkọ ọmọ mi, o tètè dé lónìí."

Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, baba ti lọ.